Ẹ Máa Kíyè sí Ìtọ̀ Ọmọkùnrin Yín

Bí obìnrin bá bímọ tán, àwọn ará ilé a wo ojú ọmọ, wọn a ka ìka ọwọ́ àti ti ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí gbogbo rẹ̀ bá pé, ọkàn wọn a balẹ̀. Ṣùgbọ́n àbùkù mìíràn wà tí ojú kì í rí, nítorí inú ara ni ó fi ṣe ibùgbé. Irú èyí ni ti kíndìnrín àti ọ̀nà ìtọ̀.

Kíndìnrín méjì ni Ẹlẹ́dàá fi sí wa lẹ́yìn, ọ̀kan ní ọ̀tún, ọ̀kan ní òsì. Wọ́n ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀ bí ìgbà tí a bá ń fi aṣọ sẹ́ ògì. Ìdọ̀tí tí wọ́n bá sẹ́ kúrò ni ó ń di ìtọ̀, tí ó ń ṣàn lọ sínú àpò ìtọ̀. Kí oyún tó pé oṣù mẹ́ta ni iṣẹ́ yìí ti ń bẹ̀rẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo àbùkù ibẹ̀ ni ó léwu. Nínú nǹkan bí 500 ènìyàn, a lè rí ẹnì kan tí kíndìnrín rẹ̀ méjèèjì lẹ̀ mọ́ ara wọn nísàlẹ̀. Ẹni tí a bí pẹ̀lú ẹyọ kan ṣoṣo pàápàá lè dàgbà, kí ó sì darúgbó.

Èyí tí ó yẹ kí a bẹ̀rù ni ti ọmọkùnrin tí awọ fẹ́lẹ́ dí ọ̀nà ìtọ̀ rẹ̀ láti inú oyún. Ní ọdún 1919 ni Dókítà Hugh Hampton Young àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ṣàlàyé àrùn náà yékéyéké. Ìtọ̀ tí kò rí ọ̀nà jáde a padà sẹ́yìn, a sì máa ba kíndìnrín jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Èyí tí ó bá ti bàjẹ́ tán, kò sí oògùn tí ó lè tún un ṣe.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá, bí ìtọ̀ ọmọkùnrin yín bá ń kán tó, tó, tó dípò kí ó tú jáde. Bí ó bá ń tiraka kí ó tó tọ̀. Bí ìsàlẹ̀ ikùn rẹ̀ bá wú, tí ibà kò sì fi í sílẹ̀, ẹ má ṣe wí pé ayé ni ó ń ṣe é, ẹ má sì ṣe jókòó ti àgbo. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an. Àwọn oníṣègùn yóò kọ́kọ́ fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ fa ìtọ̀ náà jáde, lẹ́yìn náà wọn yóò gé awọ tí ó dí ọ̀nà. Bí a bá ti tètè ṣe é tó ni kíndìnrín tí a óò gbà là yóò ti pọ̀ tó.

Igi gànnàkù má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Ẹni tí ó bá ka ìka ọmọ rẹ̀, kí ó wo bí ó ti ń tọ̀ pẹ̀lú.