Àwòrán Èèpo Ìwé Ìròhìn Aláṣọ àti Bí A Ti Ń Ṣe É

Bí ènìyàn bá wọ ìsọ̀ télọ̀ kan ní Ìbàdàn tàbí ní Èkó, kò ní pẹ́ tí yóò fi rí àwòrán àwọn obìnrin àti ọkùnrin tí a wọ̀ ní aṣọ dáradára, tí a lẹ̀ mọ́ ara ògiri. Oníbàárà a na ìka sí ọ̀kan nínú wọn, a sì wí pé, “Irú èyí ni kí ẹ bá mi rán.” Kò béèrè ẹni tí ó ya àwòrán náà, bẹ́ẹ̀ ni kò béèrè ohun tí a ṣe sí i kí ó tó dé orí tákàdá. Nínú iyàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ pẹ̀lú, ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ń gé àwòrán láti inú ìwé ìròhìn, tí a sì ń fi í kọ́ àwọn ọmọdé ní orúkọ àwọ̀ àti ti ẹ̀yà ara. Nítorí náà ni mo ṣe rò pé ó yẹ kí a wádìí bí irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ti ń di ohun tí ó ń dà, pàápàá èyí tí ó wà ní èèpo iwájú àwọn ìwé ìròhìn aláṣọ ti ilẹ̀ òkèèrè, nítorí níbẹ̀ ni a ti lè tọ ipasẹ̀ iṣẹ́ náà dáradára.

Ìlú New York ní Amẹ́ríkà ni a ti dá méjì tí ó lókìkí púpọ̀ nínú wọn sílẹ̀. Harper’s Bazaar bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1867, Vogue sì tẹ̀ lé e ní 1892. Ní ìgbà náà àwọn tí ó mọ iṣẹ́ ọnà ni ń fi ọwọ́ ya èèpo ìwé wọ̀nyí, bẹ́ẹ̀ ni ó sì rí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí Lee Miller, arẹwà ọmọbìnrin Amẹ́ríkà kan, hàn ní èèpo Vogue ní oṣù kẹta 1927, kì í ṣe fọ́tò rẹ̀ ni a rí, bí kò ṣe àwòrán tí Georges Lepape fi ọwọ́ yà. (Òun fúnra rẹ̀ di ayàwòrán lẹ́yìn náà, ó sì ya àwòrán Ogun Àgbáyé Kejì fún ìwé ìròhìn kan náà, ọ̀ràn rẹ̀ tó kókó kan fún ara rẹ̀.)

Ọkùnrin tí ó ra Vogue ní 1909, Condé Nast ni orúkọ rẹ̀, ni ó rí i pé fọ́tò lè ṣe ju kí ó kàn fi aṣọ hàn lọ. Ní 1913 a gba Adolphe de Meyer sí iṣẹ́. De Meyer a máa gbé iná sí ẹ̀yìn ẹni tí ó ń yà, a sì máa lo dígí tí kì í jẹ́ kí etí nǹkan mú, tó bẹ́ẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ a fi yí irun àti èjìká obìnrin náà ká bí ìkùukùu òwúrọ̀. Ó dùn ún wò, ṣùgbọ́n bí télọ̀ bá fẹ́ mọ ibi tí a gbé rán aṣọ náà, kò ní rí i. Edward Steichen, ẹni tí a bí ní Luxembourg tí a sì tọ́ dàgbà ní Amẹ́ríkà, tí Nast gbà sí iṣẹ́ ní 1923, yàtọ̀ sí i pátápátá. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní ó ti wà lára àwọn tí ń bójú tó yíya àwòrán ilẹ̀ láti inú ọkọ̀ òfurufú fún ẹgbẹ́ ọmọ ogun Amẹ́ríkà. Nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ àwòrán tí kò mọ́ lè pa ọmọ ogun. Ó mú ojú mímú yìí wá sí ìdí aṣọ: ìlà tí ó gún, òjìji tí ó dúdú, ojú ọ̀nà abẹ́rẹ́ tí a lè tọ̀.

Kí ni ó wá ń dá fọ́tò aláwọ̀ dúró tí kò fi tètè dé èèpo ìwé? Ọ̀ràn ìtẹ̀wé ni. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kò mọ bí a ti ń tẹ àwọ̀ eérú. Bí tàdáwà bá kan tákàdá, ó kàn án. Bí kò bá kàn án, kò kàn án. Kò sí agbedeméjì. Nítorí náà ni a ṣe ń gbé àwọ̀n wẹ́wẹ́ kan sí iwájú àwòrán, èyí tí yóò fọ́ ọ sí àmì tótòtó. Níbi tí ó bá ṣókùnkùn, àmì a tóbi. Níbi tí ó bá mọ́lẹ̀, àmì a kéré. Ojú wa ni ó sì ń pò wọ́n pọ̀ tí wọ́n fi ń dà bí eérú. Fún àwòrán aláwọ̀, a ní láti ṣe èyí ní ìgbà mẹ́rin: ọ̀kan fún àwọ̀ ìyeyè, ọ̀kan fún pupa, ọ̀kan fún aró, ọ̀kan fún dúdú. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni a ó sì tẹ̀ lé ara wọn lórí tákàdá kan náà láìjẹ́ kí ọ̀kan yẹ̀ sí apá kan. Bí ó bá yẹ̀ díẹ̀, ẹnu arẹwà náà a di méjì. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ní awò tí ń sọ nǹkan kékeré di ńlá lè rí àwọn àmì wọ̀nyí lónìí nínú ìwé ìròhìn tí a tẹ̀. Kí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi gbìyànjú rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ kíláàsì wọn, yóò yà wọ́n lẹ́nu pé ojú ènìyàn kan tí wọ́n ń wò kò ju ẹ̀kán tàdáwà mẹ́rin lọ.

Tákàdá pàápàá ní ipa tirẹ̀. Bí a bá kán epo sórí aṣọ, a tàn kálẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni tàdáwà ń ṣe lórí tákàdá ìwé ìròhìn ojoojúmọ́, àwọn àmì tótòtó a sì wọnú ara wọn. Nítorí náà ni a ṣe ń fi amọ̀ funfun kun tákàdá ìwé ìròhìn aláṣọ, gẹ́gẹ́ bí a ti ń rẹ́ ògiri, tí a ó sì fún un láàárín àwọn irin róbótó tí ń yí, títí yóò fi máa kọ mànà. Lórí irú tákàdá bẹ́ẹ̀ tàdáwà a jókòó sí ojú kan. Àmì lè túbọ̀ kéré kí ó sì túbọ̀ pọ̀, a sì lè rí fọ́nrán òwú aṣọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Dídán náà, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé fáàrí lásán ni, iṣẹ́ ni ó ń ṣe.

Nast ná owó púpọ̀ lórí ọ̀ràn yìí. Ó ní ilé ìtẹ̀wé tirẹ̀ ní Greenwich ní ìpínlẹ̀ Connecticut. Ní ọjọ́ 1 oṣù keje 1932, Vogue jáde pẹ̀lú fọ́tò aláwọ̀ ní èèpo rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Steichen ni ó yà á: obìnrin kan tí ó wọ aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́, tí ó gbé bọ́ọ̀lù ńlá sókè. Kò sí ohun púpọ̀ nínú rẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n bí a bá bi mí léèrè pé ọjọ́ wo ni àwòrán oge di alààyè, n kò ní dárúkọ ọjọ́ náà. Ṣáájú ìgbà yẹn, inú ilé ni a ti ń ya púpọ̀ nínú wọn, tí obìnrin a dúró gbọnin bí ère lábẹ́ iná. Ní 1933 Carmel Snow, olóòtú obìnrin tí ó ti fi Vogue sílẹ̀ lọ sí Harper’s Bazaar, pe Martin Munkácsi kí ó wá ya aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́. Ọmọ ilẹ̀ Hungary ni Munkácsi, àwòrán eré ìdárayá ni ó sì fi di olókìkí nínú ìwé ìròhìn ní Berlin. Wọ́n lọ sí etí omi ní Long Island. Oṣù kọkànlá ni, òtútù ń mú, ojú ọjọ́ kò sì dára. Munkácsi kò gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ó ń ju ọwọ́, ó ń ju ẹsẹ̀, títí ó fi yé wọn pé ohun tí ó fẹ́ ni kí Lucile Brokaw, obìnrin tí ó wọ aṣọ náà, sá eré tọ òun bọ̀. Obìnrin náà sáré, aṣọ ìlékè rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, Munkácsi sì mú un bí ẹni ń mú eléré lórí pápá. Àwòrán náà jáde ní oṣù kejìlá ọdún náà. Ní 1934, nígbà tí Hitler ti gba ìjọba Jámánì, Munkácsi, ẹni tí í ṣe Júù, kó lọ sí New York pátápátá. Lójú tèmi, àwòrán yìí sọ òtítọ́ kan tí èyí tí ó ṣáájú rẹ̀ kò sọ: pé ẹni tí ó wọ aṣọ ní ibi tí ó ń lọ.

Èèpo yàtọ̀ sí ojú ewé inú ìwé. Ìwé tí ó wà lórí àtẹ kò dá wà; ó wà láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ẹni tí ń kọjá lọ kò sì ní dúró pẹ́. Nítorí náà ayàwòrán gbọ́dọ̀ fi àyè sílẹ̀ lókè fún orúkọ ìwé, kí ó dín ohun tí ó wà nínú àwòrán kù, kí ó sì sábà jẹ́ kí ojú ẹni tí a yà bá ojú ẹni tí ń wò pàdé. Alexey Brodovitch, ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà, tí ó ń ṣe ètò ojú ewé Harper’s Bazaar láti 1934 títí di 1958, fi han ayé pé àyè funfun tí a kò kọ nǹkan sí kì í ṣe òfo. Ní oṣù kẹta 1943 Louise Dahl-Wolfe ya ọmọbìnrin ọlọ́dún 18 kan fún èèpo ìwé náà, ó dúró ní iwájú ilẹ̀kùn ibi tí ẹgbẹ́ Alágbèélébùú Pupa ti ń gba ẹ̀jẹ̀ ìtọrẹ. Aya olùdarí sinimá kan rí i, wọ́n sì ránṣẹ́ pè é lọ sí Hollywood. Ní 1944 gbogbo ayé ti mọ orúkọ Lauren Bacall. Erwin Blumenfeld ṣe èyí tí ó le jù nínú gbogbo wọn fún Vogue ti oṣù kìíní 1950: ó pa gbogbo ojú Jean Patchett rẹ́, ó ku ẹyinjú kan, ìpéǹpéjú kan, ètè pupa, àti àmì dúdú kékeré kan ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ìyókù funfun. Síbẹ̀ kò sí ẹni tí yóò rí i tí kò ní mọ̀ pé obìnrin ni.

Ibí yìí ni ọ̀ràn ti kan oníbàárà télọ̀ wa. Aṣọ tí ó gún régé lára ẹni tí ó wà nínú àwòrán sábà máa ń ní píìnì lẹ́yìn, níbi tí ẹ̀rọ kò lè rí, tí a fi fún un títí ó fi bá ara mu. Lẹ́yìn èyí ni a ó tún àwòrán fúnra rẹ̀ ṣe. Ní àtijọ́ a ń fi ọ̀bẹ kékeré họ fíìmù, a sì ń fi pẹ́ńsù àti àwọ̀ dí ojú ibi tí kò wù wá. Lónìí kọ̀ǹpútà ń ṣe é ní ìṣẹ́jú díẹ̀, ìbàdí a kéré, ọrùn a gùn. Oníbàárà náà á wá bá télọ̀ jà pé kò rán aṣọ òun bí ó ti rí. Èyí tí ó burú jù ni ti ọmọbìnrin tí kò bá télọ̀ jà, tí ó jẹ́ ara òun tìkára rẹ̀ ni ó ń bá jà, tí ó ń fi ebi pa ara rẹ̀ nítorí ìbàdí tí ẹnikẹ́ni kò ní. Ilẹ̀ Faransé ka ọ̀ràn yìí sí tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ṣe òfin: láti ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá 2017, bí a bá sọ ara ẹni di tín-ín-rín tàbí tí a mú un sanra nínú àwòrán tí a fi ń polówó ọjà, a gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sí i pé a ti tún un ṣe. Ẹni tí kò bá kọ ọ́ lè san owó ìtanràn yúrò 37,500.

Àwọn kan nínú wa a máa wí pé ohun asán ni gbogbo èyí, kò sì kan ẹni tí ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́. Èmi kò lè gbà bẹ́ẹ̀, nítorí ọ̀ràn mìíràn wà tí ó kan àwọ̀ ara wa gan-an. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn tí ń fọ fíìmù aláwọ̀ ní káàdì àwòrán kan tí ilé iṣẹ́ Kodak fi ń ránṣẹ́ sí wọn, kí wọ́n lè fi wọn bí àwọ̀ ti péye tó. Obìnrin òyìnbó ni ó wà lórí káàdì náà. Bí awọ ara rẹ̀ bá jáde dáradára, a ti ka iṣẹ́ sí pípé. Ènìyàn dúdú tí ó bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ òyìnbó nínú àwòrán kan náà a wá di òkùnkùn, tí a kì í rí ju ẹyinjú àti eyín rẹ̀ lọ. Kì í ṣe pé ìmọ́lẹ̀ kórìíra ẹnikẹ́ni. Àwọn tí ó pò oògùn fíìmù náà ni kò fi wá sí ọkàn nígbà tí wọ́n ń dán an wò. Ohun tí ó sì wà lára ohun tí ó mú Kodak tún un ṣe ni pé àwọn tí ń ta ṣokoléètì àti àwọn tí ń ta àga onígi ṣàròyé pé àwòrán kò fi ìyàtọ̀ hàn láàárín igi dúdú àti igi pupa, tàbí láàárín ṣokoléètì kan àti èkejì! Ní àárín àwọn ọdún 1990 ni káàdì tí ó ní obìnrin dúdú, òyìnbó, àti ọmọ ilẹ̀ Éṣíà lórí pọ̀ tó jáde.

Èèpo ìwé pẹ́ bákan náà. Donyale Luna, ọmọbìnrin dúdú láti Detroit, ni ẹni dúdú àkọ́kọ́ tí ó hàn ní èèpo Vogue, ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní oṣù kẹta 1966. David Bailey ni ó yà á, ìka ọwọ́ Luna sì bo púpọ̀ nínú ojú rẹ̀. Vogue ti Amẹ́ríkà kò fi obìnrin dúdú sí èèpo títí di oṣù kẹjọ 1974, nígbà tí ó kan Beverly Johnson. Ní ti àwọn tí ó di ẹ̀rọ mú, ó tún pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní oṣù kẹsàn-án 2018 ni Tyler Mitchell, ọmọ ọdún 23, ya Beyoncé fún èèpo Vogue ti Amẹ́ríkà. Ìwé náà ti pé ọdún 126 nígbà náà, òun sì ni ayàwòrán dúdú àkọ́kọ́ tí a fún ní iṣẹ́ yìí. Ní oṣù kìíní 2019 Nadine Ijewere, ọmọ Lọ́ńdọ̀nù tí ẹ̀jẹ̀ Nàìjíríà àti ti Jàmáíkà wà lára rẹ̀, ya èèpo Vogue ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.