Láàárín Ojú Ọ̀nà àti Ilé: Bí Àwọn Òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì ṣe ń Gbé Ayé ní Amẹ́ríkà

Ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì ni ó ti pín ọdún wọn sí apá méjì. Ní ìgbà ooru, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn níbẹ̀ ń kà láti ọjọ́ Ajé tí ó kẹ́yìn oṣù Karùn-ún títí di ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ nínú oṣù Kẹsàn-án, ojú ọ̀nà ni wọ́n máa ń wà, nínú ọkọ̀ tí ó ní ibùsùn, ilé ìdáná àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀, tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní RV. Nígbà tí ooru bá sì kásẹ̀ nílẹ̀, wọn a padà sí ilé tí wọ́n rà tàbí tí wọ́n kọ́ nígbà tí wọ́n ṣì ń ṣiṣẹ́, wọn a tún òrùlé ṣe, wọn a kun ògiri, wọn a sì múra sílẹ̀ de òtútù. Ẹni tí ó bá ń wo irú ìgbésí ayé yìí láti òkèèrè lè rò pé fàájì lásán ni, ṣùgbọ́n bí a bá yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní, a ó rí i pé iṣẹ́ ìtọ́jú ni ó gbé fàájì náà ró, àti pé ẹni tí kò bá fi ètò sí ọ̀rọ̀ ilé rẹ̀ kì í pẹ́ lójú ọ̀nà kí wàhálà tó pè é padà.

Ohun àkọ́kọ́ tí ó mú irú ìgbésí ayé yìí ṣeé ṣe ni owó tí ń wọlé lóṣooṣù fún ẹni tí kò lọ sí ibi iṣẹ́ mọ́. Ní ọdún 1935 ni Ààrẹ Franklin Roosevelt buwọ́ lu òfin Social Security, ètò tí òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́ jọ ń dá owó sí lọ́dọ̀ ìjọba àpapọ̀, kí òṣìṣẹ́ náà lè máa rí owó gbà nígbà tí ó bá dàgbà. Ida May Fuller, obìnrin kan ní ìpínlẹ̀ Vermont, ni ó kọ́kọ́ gba owó oṣooṣù yìí ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1940, dọ́là 22 àti sẹ́ńtì 54 sì ni iye rẹ̀. Lónìí, ènìyàn lè bẹ̀rẹ̀ sí gba owó náà bí ó bá ti pé ẹni ọdún 62, ṣùgbọ́n iye tí yóò máa gbà yóò dín kù. Ẹni tí a bí ní ọdún 1960 tàbí lẹ́yìn rẹ̀ yóò gba ẹ̀kúnrẹ́rẹ́ ní ẹni ọdún 67, ẹni tí ó bá sì ní sùúrù di ẹni ọdún 70 yóò gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Medicare, ètò tí ìjọba fi ń ran àwọn àgbàlagbà lọ́wọ́ lórí owó ìtọ́jú ìlera, tí Ààrẹ Lyndon Johnson buwọ́ lù ní ọdún 1965, máa ń bẹ̀rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ẹni ọdún 65, ìdí sì nìyí tí àwọn kan fi ń dúró lẹ́nu iṣẹ́ títí wọn yóò fi pé ọjọ́ orí náà kí wọ́n tó gbé kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ ìrìnàjò.

Ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀ ní ìtàn tí ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Ní ọdún 1910, ilé-iṣẹ́ Pierce-Arrow pàtẹ ọkọ̀ kan ní New York tí àga ẹ̀yìn rẹ̀ ṣeé tẹ́ di ibùsùn. Ní ọdún 1919, àwọn arìnrìn-àjò tí wọ́n ń fi ọkọ̀ àti àgọ́ ṣe ilé dá ẹgbẹ́ Tin Can Tourists sílẹ̀ ní ìlú Tampa, ní ìpínlẹ̀ Florida. Nígbà tí ó sì di ọdún 1931, Wally Byam dá ilé-iṣẹ́ Airstream sílẹ̀, èyí tí ọkọ̀ rẹ̀ tí a fi alumíníọ̀mù dídán ṣe ṣì wà lójú ọ̀nà títí di òní. Òfin tí Ààrẹ Dwight Eisenhower buwọ́ lù ní ọdún 1956, láti la òpópónà márosẹ̀ tí yóò so ìpínlẹ̀ pọ̀ mọ́ ìpínlẹ̀, ni ó wá sọ ìrìnàjò ọ̀nà jíjìn di ohun tí ìdílé lásán lè dáwọ́ lé. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn òfin náà, ilé-iṣẹ́ Winnebago ní ìlú Forest City, ní ìpínlẹ̀ Iowa, bẹ̀rẹ̀ sí ṣe irú ọkọ̀ yìí lọ́pọ̀ yanturu ní iye owó tí apá àwọn tí kì í ṣe olówó ńlá ká. Lóde òní, agbègbè Elkhart ní ìpínlẹ̀ Indiana ni wọ́n ti ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn.

Kò yẹ kí a gbàgbé pé ojú ọ̀nà yìí kò ṣí sílẹ̀ bákan náà fún gbogbo ènìyàn. Ní àkókò tí òfin àti àṣà fi ń ya aláwọ̀ dúdú sọ́tọ̀, ọ̀pọ̀ hòtẹ́ẹ̀lì, ilé oúnjẹ àti ilé epo ni kì í gbà wọ́n, débi pé láti ọdún 1936 ni Victor Hugo Green ti ń tẹ ìwé kan jáde ní New York, tí ń tọ́ka àwọn ibi tí arìnrìn-àjò aláwọ̀ dúdú lè sùn sí láìsí ewu. Òfin ẹ̀tọ́ aráàlú ti ọdún 1964 ni ó fòfin de ìyàsọ́tọ̀ náà ní irú àwọn ibi bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, tọkọtaya aláwọ̀ dúdú tí wọ́n ti dàgbà, tí wọ́n ń wa ọkọ̀ wọn kọjá ìpínlẹ̀ mẹ́wàá lónìí láìbẹ̀rù, ń gbádùn ẹ̀tọ́ tí àwọn òbí wọn kò ní.

Ẹni tí ó bá fẹ́ ra irú ọkọ̀ yìí gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ọ̀nà méjì gbòógì ni ó pín sí. Àwọn kan ní ẹ́ńjìnnì tiwọn: ẹ̀yà A tóbi tó bọ́ọ̀sì, ẹ̀yà B kò ju bọ́ọ̀sì kékeré lọ, ẹ̀yà C sì ni èyí tí ibùsùn máa ń wà lókè orí awakọ̀. Àwọn yòókù kò ní ẹ́ńjìnnì, ọkọ̀ mìíràn ni ó ń fà wọ́n, yálà èyí tí a so mọ́ ìdí ọkọ̀ tàbí èyí tí ó gbé orí lé ẹ̀yìn ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù. Èyí tí ó tóbi máa ń rọrùn láti gbé inú rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ọ̀nà ni ó gbà á. Ní ọgbà ìjọba àpapọ̀ tí ó ń jẹ́ Glacier, ní ìpínlẹ̀ Montana, wọn kì í jẹ́ kí ọkọ̀ tí gígùn rẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà 21 lọ gba ibi tí ó ga jù lójú ọ̀nà olókìkí tí ó la orí òkè kọjá, nítorí pé ọ̀nà náà tóóró, ó sì kọ́lọkọ̀lọ. Òjò dídì ni kì í sì í jẹ́ kí ọ̀nà náà ṣí tán kí ìgbà ooru tó wọlé. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí ní Yellowstone, ọgbà àkọ́kọ́ irú rẹ̀ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 1872, níbi tí wọ́n ti ń ti èyí tí ó pọ̀ jù nínú ojú ọ̀nà pa mọ́ ọkọ̀ nígbà òtútù. Èyí jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú ìdí tí ìrìnàjò fi pọ̀ ní ìgbà ooru.

Ìjọba ṣe ojú àánú fún àwọn àgbàlagbà nínú irú ọgbà báyìí. Ọmọ orílẹ̀-èdè tàbí ẹni tí ó ní ìwé ìgbélùú títí láé, tí ó bá ti pé ẹni ọdún 62, lè ra káàdì àṣewọlé tí yóò máa lò títí ọjọ́ ayé rẹ̀, èyí tí iye owó rẹ̀ di dọ́là 80 ní ọdún 2017. Ní ọ̀pọ̀ ibùdó ìjọba àpapọ̀ tí àwọn arìnrìn-àjò ń dúró sùn sí, káàdì yìí tún máa ń dín owó ibùdó kù sí ìdajì. Àwọn mìíràn a máa fi iṣẹ́ ọ̀fẹ́ gba ibùdó: wọn a máa kí àlejò káàbọ̀, wọn a máa tún àyíká ṣe, wọn a sì máa gbé ibẹ̀ láìsanwó fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Ní ọ̀pọ̀ ibùdó ìjọba, ẹnikẹ́ni tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ dúró ju ọjọ́ 14 lọ, nítorí náà ni ó fi yẹ kí a ṣètò ìrìnàjò ṣáájú àkókò.

Ìgbé ayé inú ọkọ̀ ní ìmọ̀ tirẹ̀. Táńkì mẹ́ta ni ó sábà máa ń wà nínú rẹ̀: ọ̀kan fún omi tí ó mọ́, ọ̀kan fún omi tí a ti fi fọ abọ́ tàbí tí a ti fi wẹ̀, ẹ̀kẹta sì fún ẹ̀gbin ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Wọn kì í ṣí ẹnu táńkì ẹ̀gbin sílẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá wà ní ibùdó, nítorí pé omi nìkan ni yóò ṣàn lọ, tí èyí tí ó le yóò sì gbẹ mọ́ ìdí táńkì. Bí ó bá kún, a ó da ẹ̀gbin nù ní ibi tí ìjọba tàbí ẹni tí ó ni ibùdó yà sọ́tọ̀, lẹ́yìn náà ni a ó da omi ìfọbọ́ kí ó lè ṣan páìpù mọ́. Ní ti iná mànàmáná, ojú ibi ìfàmọ́ ti ámpù 30 kò lè gbé ju wáàtì 3,600 lọ, ṣùgbọ́n ti ámpù 50 lè gbé 12,000, nítorí náà ẹni tí ó bá tan ẹ̀rọ amúlétutù mọ́ ẹ̀rọ ìgbóúnjẹkaná lẹ́ẹ̀kan náà lórí èyí tí ó kéré yóò rí i pé iná yóò já. Táyà náà kò ṣeé fi ojú lásán mọ̀, nítorí pé ó lè ti gbó kí ojú rẹ̀ tó jẹ. Nọ́ńbà mẹ́rin tí ó kẹ́yìn lára rẹ̀ ni ó ń sọ ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe é, bí àpẹẹrẹ, 3219 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 32 ní ọdún 2019.

Ṣùgbọ́n ilé tí wọ́n fi sílẹ̀ lẹ́yìn kò sùn. Koríko a máa hù, ìjì a máa jà, ilé iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ kì í sì í bá ènìyàn tọ́jú lẹ́tà ju ọjọ́ 30 lọ kí onítọ̀hún tó béèrè pé kí wọ́n máa fi í ránṣẹ́ sí ibòmíràn. Ewu tí ó tóbi jù ni omi, nítorí pé páìpù kékeré kan tí ó bẹ́ nígbà tí kò sí ẹnì kankan nílé lè máa da omi sínú ilé fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, kí ilẹ̀ pákó àti ògiri sì ti jẹrà kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Ìdí nìyí tí àwọn ọlọ́gbọ́n fi ń ti omi pa láti orísun rẹ̀ kí wọ́n tó jáde. Wọ́n tún máa ń ka ìwé ìbánigbófò ilé wọn dáadáa, torí pé ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ni ó máa ń dín ààbò kù bí ilé bá ṣófo ju ọjọ́ 30 tàbí 60 lọ. Aládùúgbò tí ó ní kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, tí yóò máa yọjú wò ó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, níye lórí ju ẹ̀rọ aṣọ́lé èyíkéyìí lọ.

Ilé ni àbọ̀ sinmi oko, ṣùgbọ́n fún àwọn arìnrìn-àjò yìí, ìgbà ìwọ́wé tí wọ́n padà dé gan-an ni iṣẹ́ pọ̀ jù. Wọ́n gbọ́dọ̀ kó ewé kúrò nínú gọ́tà tí ń gba omi ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ kí omi má baà dúró kí ó dì, wọ́n gbọ́dọ̀ pààrọ̀ asẹ́ ẹ̀rọ amúlégbóná, kí wọ́n sì yẹ òrùlé wò. Ọkọ̀ náà ń fẹ́ ìtọ́jú ní àkókò kan náà. Nígbà tí omi bá dì, ó máa ń fẹ̀ ní nǹkan bíi ìdá mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún, agbára yìí sì tó láti la páìpù; nítorí náà ni wọ́n fi máa ń fa gbogbo omi inú ọkọ̀ gbẹ, wọn a ya ẹ̀rọ agbómikaná sọ́tọ̀, wọn a sì fa oògùn aláwọ̀ rósì tí kì í jẹ́ kí omi dì sínú páìpù títí yóò fi yọ ní ẹnu ẹ̀rọ gbogbo. Oògùn inú ọkọ̀ yìí yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n ń dà sínú ẹ́ńjìnnì, tí í ṣe májèlé, a kò sì gbọ́dọ̀ fi ọ̀kan rọ́pò èkejì. Bátìrì tí agbára rẹ̀ ti tán lè dì kí ó sì fọ́, nítorí náà ó yẹ kí a gba agbára sínú rẹ̀ kí òtútù tó dé. Òrùlé ọkọ̀ ni ó yẹ kí a fi ojú tó jù, nítorí omi tí ó bá gba ibẹ̀ wọlé ni ó ń ba ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́.

Ara àgbàlagbà pẹ̀lú ní ìdíwọ̀n. Ní Amẹ́ríkà, ó lé ní ẹnì kan nínú mẹ́rin nínú àwọn tí wọ́n ti pé ẹni ọdún 65 tí ń ṣubú lọ́dọọdún, gígun àkàbà láti kó ewé kúrò nínú gọ́tà sì wà lára iṣẹ́ tí ó yẹ kí a máa sanwó fún ọ̀dọ́ láti ṣe. Àkókò a máa dé tí ojú kò ní ríran tó láti wakọ̀ lálẹ́, tàbí tí ọ̀kan nínú tọkọtaya yóò ṣípò padà. Ẹni tí ó bá ti kọ́ ẹnìkejì rẹ̀ bí a ṣe ń wa ọkọ̀ náà àti bí a ṣe ń ti omi ilé pa kò fi í sílẹ̀ nínú òkùnkùn.

A sì gbọ́dọ̀ ya àwọn tí a ń sọ yìí sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn àgbàlagbà tí ọkọ̀ jẹ́ ilé kan ṣoṣo tí wọ́n ní, tí wọ́n ń ti ibi iṣẹ́ ìgbà díẹ̀ kan bọ́ sí òmíràn, irú àwọn tí Jessica Bruder kọ̀wé nípa wọn nínú *Nomadland* ní ọdún 2017. Fún àwọn wọ̀nyẹn, owó ìfẹ̀yìntì tí kò tó nǹkan ni ó gbé wọn sọ́nà. Ojú ọ̀nà kan náà ni, ṣùgbọ́n àìní ni ó ń lé wọn.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n ti ń fẹ̀yìn tì ní Houston, Chicago, Maryland àti Atlanta. Ọkọ̀ òfuurufú ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń wọ̀, ilé kan wà lọ́hùn-ún, òmíràn wà ní Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta, oṣù Kejìlá sì ni wọ́n sábà máa ń wá sílé. Èyí túmọ̀ sí pé ìgbà tí òtútù le jù ni ilé Chicago máa ń ṣófo, páìpù rẹ̀ sì lè dì kí ó bẹ́ nígbà tí onílé wà ní ibi àríyá. Bí àìsàn bá sì dé sí onílé náà ní Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta, Medicare kì í sábà san owó ìtọ́jú tí a gbà lẹ́yìn odi Amẹ́ríkà. Ó yẹ kí ẹni tí ó ń múra àtirin irú ìrìnàjò bẹ́ẹ̀ ti omi ilé rẹ̀ pa, kí ó fi kọ́kọ́rọ́ síkàáwọ́ ẹni tí ó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, kí ó ka ìwé ìbánigbófò rẹ̀, kí ó sì wá ètò ìlera tí yóò bá a dé ibi tí ó ń lọ, kí ó tó di ẹrù rẹ̀.