Ta Ló Ń Sanwó Tébù?

Lónìí, ọ̀rọ̀ tébù sínúkà àdúgbò la fẹ́ sọ, èyí tó máa ń wà lábẹ́ tapólì lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ń lẹ táyà. Tiwa wà ní Mushin, ní nǹkan bí ọdún 2003, nígbà tí mo ṣì wà ní sẹ́kọ́ńdírì. Gẹ́mù kan, 20 náírà. Màmá mi gbà pé ọmọ ìta nìkan ló ń dé ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀, mẹkáníìkì wà níbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ poli wà níbẹ̀, kódà àwọn bàbá tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ máa ń yà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tún orúkọ ṣe. Ohun tí à ń pè ní sínúkà, kì í ṣe sínúkà. Tébù sínúkà gan-an gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 12, bọ́ọ̀lù 22 ló sì wà lórí rẹ̀. Níbo ni tapólì wa á ti gbà á? Púùlù ni tiwa: tébù bí ẹsẹ̀ bàtà 7, bọ́ọ̀lù 16. Bí o bá kọ́kọ́ gbá onílà wọ ihò, tìẹ ni gbogbo onílà 7, ẹnìkejì á mú 7 tí kò ní ìlà. Ẹni tó bá kó tiẹ̀ tán ló lè gbá dúdú, tó ní nọ́ńbà 8 lára. Bí dúdú bá wọlé kí tìẹ tó tán, o ti pàdánù nìyẹn.

Èrò tèmi ni pé a ò pè é ní púùlù torí pé orúkọ yẹn ti ní olówó. Ilé púùlù ni ibi tí àwọn bàbá wa ti ń fi bírò ṣà bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó máa parí sí ọ̀mì. Ẹ sì wò ó, orí owó náà ni ọ̀rọ̀ méjèèjì ti pàdé. Àwọn Faransé ní ọ̀rọ̀ kan, poule, ìyẹn adìẹ, tí wọ́n tún ń lò fún owó tí àwọn tó ń ta tẹ́tẹ́ dá jọ. Ní Amẹ́ríkà ayé àtijọ́, ilé tẹ́tẹ́ ẹṣin ni wọ́n ń pè ní poolroom. Wọ́n gbé tébù síbẹ̀ kí ara má baà sú àwọn èèyàn kí eré ẹṣin tó kàn tó bẹ̀rẹ̀.

Ti sínúkà tún pa mí lẹ́rìn-ín. Ìtàn tó gbajúmọ̀ jù ni pé ọ̀gá sójà Gẹ̀ẹ́sì kan, Neville Chamberlain, ló dá eré náà sílẹ̀ ní Jubbulpore, ní Íńdíà, ní 1875. Kì í ṣe Chamberlain tó ṣe olórí ìjọba o. Ní ilé ẹ̀kọ́ sójà tó wà ní Woolwich, snooker ni wọ́n ń pe àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Ẹnì kan gbá bọ́ọ̀lù tó rọrùn tì, Chamberlain pè é ní snooker, orúkọ bá lẹ̀ mọ́ eré. Ní ìdí ayò, a ní ọ̀ta, a ní ọ̀pẹ. Ọ̀pẹ gan-an ni snooker!

Ọ̀pẹ yìí ló sì ń gbọ́ bùkátà tébù. Òfin ibẹ̀ ni pé ẹni tí wọ́n bá nà ló ń sanwó, ẹni tó borí á dúró de ẹni tó kàn. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ẹ gbá gẹ́mù 10. Bí ẹ bá jọ mọ̀ ọ́n gbá dọ́gba, ẹnì kọ̀ọ̀kan san 100 náírà. Bí ọ̀kan bá fi gbogbo ara ju èkejì lọ, ọ̀kan san 200, èkejì ò san kọ́bọ̀. Ti oní-tébù ò yẹ̀: 200 rẹ̀ pé. Bọ̀dá kan wà ní tiwa tó máa ń mú 20 náírà wá ní ìrọ̀lẹ́, tó sì máa ń mú 20 náírà yẹn gan-an padà sílé. Àwa là ń san owó fàájì rẹ̀. Ó tún mọ ibi tí tébù ti dà, nítorí pákó ni wọ́n kì sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kan, ilẹ̀ ò tẹ́jú. Àlejò tó bá gbá a tààrà, bọ́ọ̀lù á yà fún un.

Ọ̀ta tó gbọ́n kì í nà ọ́ nànà-jù. Bí ó bá kó tiẹ̀ tán kí o tó gbá ẹyọ kan wọlé, wàá lọ sílé ni. Á jẹ́ kí ó ku dúdú nìkan fún ẹ̀yin méjèèjì, kó o lè rò pé díẹ̀ báyìí ló kù. Ohun tó mú ọmọṣẹ́ télọ̀ kan nìyẹn. Ó ti dá àjọ tó fẹ́ fi ra ẹ̀rọ ìránṣọ fún fíríìdọ̀mù rẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi 500 náírà lé gẹ́mù kan, ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àjọ ti tán. Ìyá rẹ̀ wá síbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan. Kò pariwo. Ó kàn bi bọ̀dá yẹn pé, “Ẹ jọ̀ọ́, èló ló kù lọ́wọ́ yín?” Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ọdún kan sí i ni ọmọ náà fi sin ọ̀gá rẹ̀.

8 Ball Pool tó wà lórí fóònù yín ò lo òfin tiwa. Níbẹ̀, ẹ̀yin méjèèjì lẹ máa kọ́kọ́ fi kọ́ìnì sílẹ̀, ẹni tó borí á kó gbogbo ẹ̀. Poule náà nìyẹn, adìẹ àwọn Faransé.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí a ò yanjú rí. Bí bọ́ọ̀lù funfun bá wọ ihò, ní tiwa, ẹnìkejì á gbá ẹ̀ẹ̀mejì. Ní òpópónà kejì, wọ́n ní kó gbé e síbi tó wù ú. Ìjà ti ṣẹlẹ̀ lórí ìyẹn. Báwo ni tiyín? Ẹ fi ohùn ránṣẹ́ sí wa, kí ẹ sì sọ orúkọ àdúgbò yín.