Ṣé o mọ̀? Iyọ̀ ń ran ẹja tó ní egbò lọ́wọ́

Ara ẹja odò níyọ̀ ju omi tó ń gbé inú rẹ̀ lọ. Bí egbò bá ti dá awọ rẹ̀ lu, omi á máa ya wọ inú rẹ̀, á sì rẹ̀ ẹ́. Iyọ̀ gíráàmù 1 sí 3 nínú lítà omi kan ń dín wàhálà yìí kù. Yọ́ ọ kí o tó dà á sí i.

Ìwọ tó ń sin ẹja nínú àpótí díígí ní Gbági, n'Ìbàdàn, omi ni kí o kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Omi ìdọ̀tí àti àpọ̀jù ẹja ló sábà ń fún kòkòrò àrùn Aeromonas, tó ń dá egbò sí ẹja lára, láyè. Pààrọ̀ díẹ̀ nínú omi náà. Bí ojú egbò bá ṣì ń pọ́n, tó ń jẹrà, má fi oògùn èèyàn dán an wò. Dókítà ẹranko ni kí o lọ bá. Yunifásítì Ìbàdàn ní ẹ̀ka ìmọ̀ ìṣègùn ẹranko.