Ṣúgà Tó Ń Rìn Nínú Ìdílé

Ìwádìí ìgbéyàwó ló kọ́ ilé wa ní bíbo àìsàn mọ́lẹ̀. Kí wọ́n tó fọmọ fọ́kọ l'Ọ́yọ̀ọ́, wọ́n á kọ́kọ́ wádìí bóyá àrùn kan wà nínú ìdílé. Bí ṣúgà bá pa ẹnì kan nílé wa, wọ́n á ní ayé ló ṣe é.

Àfìgbà tí ṣúgà mú àbúrò mi lọ́mọ ọdún 19, tẹ́ẹ́rẹ́ báyìí. Dókítà l'Ógbómọ̀ṣọ́ bi wá pé: ta ló tún ní i, ọdún mélòó ni olúwarẹ̀ nígbà tó bẹ̀rẹ̀? Ẹnu wa wọhò. Mo bá gba ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin lọ lẹ́yìn ọjà Akẹ̀sán l'Ọ́yọ̀ọ́.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀ lára Bàbá àgbà?"

"Ṣé o fẹ́ tú àṣírí ilé ni?" Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "Ọdún tí Aláàfin Làmídì jọba ni èèrà bẹ̀rẹ̀ sí í bo ìtọ̀ wọn. Bàbá tìrẹ ò tíì wọ ilé ìwé nígbà náà."

1970 nìyẹn. Ti bàbá mi bẹ̀rẹ̀ lọ́dún tí wọ́n fagi lé ìbò Abíọ́lá, 1993. Ìran mẹ́ta tẹ̀léra, gbogbo wọn lọ́dọ̀ọ́, kò sí èyí tó sanra níbẹ̀. Mo kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé ìpè ìnáwó kan, mo gbé e fún dókítà. Ìwé yẹn wúlò ju ohun tí mo ti ń kà kiri lórí fóònù lọ.

Ṣúgà tó wọ́pọ̀ náà ń rìn nínú ìdílé, àmọ́ jíìnì púpọ̀ ló ń pawọ́ pọ̀ fà á. Ìbàdàn wà lára ibi tí ìwádìí onímọ̀ jíìnì Charles Rotimi lórí ṣúgà ti wáyé. Lọ́dún 2019, òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ tọ́ka sí jíìnì ZRANB3 bí ọ̀kan lára wọn, nínú àyẹ̀wò ọmọ Áfíríkà tó lé ní 5,000. Àmọ́ irú àkọsílẹ̀ ìdílé bíi tiwa ló ń jẹ́ kí dókítà fura sí MODY, ṣúgà tí jíìnì kan ṣoṣo ń fà. Bí òbí kan bá ní i, ọmọ kọ̀ọ̀kan lè jogún ẹ̀, ó sì lè bọ́: ìdajì-ìdajì ni. Oríṣi kan wà tí oògùn oníhóró bíi glibenclamide ká, tí wọ́n á sì ti máa gún onítọ̀hún lábẹ́rẹ́ insulin látọdún pípẹ́. Òmíràn ò fẹ́rẹ̀ẹ́ nílò oògùn rárá. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má dá abẹ́rẹ́ dúró fúnra rẹ̀ o. Ó lè pa á.

Ẹ béèrè dókítà ṣúgà ní ilé ìwòsàn LAUTECH tàbí Bowen, Báptíìsì àtijọ́, l'Ógbómọ̀ṣọ́, tàbí ní UCH n'Íbàdàn. Bó bá sì jẹ́ ọmọ ọwọ́ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà ni ṣúgà mú, ẹ sọ fún dókítà kó kọ̀wé sí Yunifásítì Exeter nílùú Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń ṣe àyẹ̀wò jíìnì fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, orílẹ̀-èdè yòówù kó ti wá.