Síárìn Kékeré fún Ẹ́ńjìnì Ọkọ̀ Ìpẹja Yín

 

Ẹni tó bá ń fi ẹ́ńjìnì wa ọkọ̀ mọ̀ pé ìdí ọkọ̀ ni òun máa ń jókòó sí, tí òun á yí ara sápá kan, tí òun á di ọwọ́ ẹ́ńjìnì mú títí ọkọ̀ á fi gúnlẹ̀. Apá á máa ro ó. Èyí tó burú jù ni pé bí fáànù bá kọlu igi tàbí ewéko ojú omi, ẹ́ńjìnì lè já gbà lọ́wọ́ yín lójijì, kó gbé yín sómi. Ọkọ̀ tí kò lẹ́ni tó ń tọ́ ọ a máa yí po, a sì lè padà wá bá ẹni tó wà nínú omi pẹ̀lú fáànù tó ń yí.

Síárìn tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kì í gba àyè ẹja. Ẹ lè ṣe é fún ẹ́ńjìnì alágbára ẹṣin 15 sí 40. Èyí tó bá ju 40 lọ, síárìn ti ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ́ńjìnì ló yẹ ẹ́.

BÓ ṢE Ń ṢIṢẸ́

Ìdí ọkọ̀ ni fáànù ń tì, kì í ṣe orí rẹ̀. Bí ẹ bá ti ọwọ́ ẹ́ńjìnì sọ́tùn-ún, ìdí ọkọ̀ á lọ sọ́tùn-ún, orí ọkọ̀ á sì kọjú sósì. Nítorí náà, bí ẹ bá yí síárìn sọ́tùn-ún, ọwọ́ ẹ́ńjìnì gbọ́dọ̀ lọ sósì. Ẹ má gbàgbé èyí o.

Ká ní ibi tí ẹ so wáyà mọ́ fi sẹ̀ǹtímítà 25 jìnnà sí ojú ibi tí ẹ́ńjìnì ti ń yí. Bí ẹ́ńjìnì bá ń yí ní dígírì 35 sápá kọ̀ọ̀kan, wáyà á rìn tó sẹ̀ǹtímítà 29 láti ọ̀tún pátápátá dé òsì pátápátá. Rólà tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 6 máa ń ká bíi 19 bó bá yí lẹ́ẹ̀kan, torí náà yíyí kan àti ààbọ̀ ti tó. Bí síárìn bá fẹ̀ tó 30, agbára ọwọ́ yín di ìlọ́po 5. Ṣùgbọ́n bí rólà bá fẹ̀ tó 12, ìlọ́po 2 àbọ̀ péré ni, síárìn á wúwo. Àṣírí rẹ̀ nìyẹn. Ẹ má sì jẹ́ kí rólà tín-ín-rín ju 6 lọ, kí wáyà má baà tètè já.

BÍ Ẹ Ó ṢE ṢE É

1. Ẹ ní kí wẹ́dà ṣe irin pẹlẹbẹ kan. Bọ́ọ̀tì ni kí ẹ fi dè é mọ́ irin iwájú ẹ́ńjìnì. Ẹ má jẹ́ kó fi iná jó ara ẹ́ńjìnì, ẹ má sì so wáyà mọ́ ọwọ́ oníke.

2. Ẹ gbé síárìn àti rólà sórí pákó líle lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó, níbi tí ọwọ́ yín kejì ti lè tó ọwọ́ ẹ́ńjìnì, nítorí ibẹ̀ ni ẹ ó ti máa fún un níná. Ẹ má gbé e lọ siwájú ọkọ̀.

3. Ẹ lo wáyà tí wọ́n fi rọ́bà bò. Ọ̀rá máa ń nà. Ẹ wé wáyà mọ́ rólà nígbà mẹ́rin, kí ẹ sì fi bọ́ọ̀tì de àárín rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó má baà yọ̀.

4. Ẹ fi púlì darí wáyà kan gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ìkejì gba abẹ́ ìjókòó lọ sí ẹ̀gbẹ́ òsì, títí dé igun ìdí ọkọ̀. Láti ibẹ̀ ni kí wọ́n ti wọlé sára irin ẹ́ńjìnì.

5. Ẹ fi sípíríǹgì kọ̀ọ̀kan sí òpin wáyà, kí wáyà má baà dẹ̀.

6. Ẹ gbé ẹ́ńjìnì sókè bí ẹni tó fẹ́ gúnlẹ̀. Bí wáyà bá fà á, ẹ sún púlì ẹ̀yìn kó ṣe déédéé pẹ̀lú ojú ibi tí ẹ́ńjìnì ti ń tẹ̀.

KÍ Ẹ TÓ JÁDE LÓJÚ OMI

Lórí ilẹ̀, ẹ yí síárìn sọ́tùn-ún. Ṣé ọwọ́ ẹ́ńjìnì lọ sósì? Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ pààrọ̀ ojú wáyà méjèèjì. Ẹni tó bá fojú fo èyí, orí igi tó fẹ́ yà fún gan-an ni ọkọ̀ rẹ̀ máa lọ.

Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ fi omi tí kò níyọ̀ fọ púlì, ẹ fi gírísì sí i, kí ẹ sì fọwọ́ tọ wáyà látòkè délẹ̀. Bí fọ́nrán kan bá ti já, ẹ pààrọ̀ gbogbo rẹ̀. Ẹ má so ó kókó.

Síárìn ò sọ pé kí ẹ má de okùn tó ń pa ẹ́ńjìnì mọ́ ọrùn ọwọ́. Bí ẹ bá ṣubú, okùn yẹn ló máa dá fáànù dúró. Bí ohunkóhun ò bá yé yín, ẹ bi òṣìṣẹ́ wa tó ń bẹ yín wò, kí ẹ sì mú mẹkáníìkì yín dání. Odò ò ní gbé wa lọ o.