Eré Ìdárayá Ní Ìwọ̀n: Ìsinmi Pẹ̀lú Jẹ́ Ara Ìlera

Ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́ àti ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ lápapọ̀, ohun ìwúrí ni pé ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá káàkiri orílẹ̀-èdè yìí ń kó ara wọn jọ láàárọ̀ Sátidé láti rìn, láti sáré àti láti na ara. Eré ìdárayá ń dín ewu ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ kù, ó sì ń mú kí oorun dùn. Ṣùgbọ́n àṣejù, baba àṣetẹ́.

Kí ni a ń pè ní àṣejù níhìn-ín? Òun ni kí ènìyàn máa lo ara rẹ̀ ju bí ó ti lè gbà lọ, láìfún un láyè láti sinmi. Nígbà tí a bá ń sáré tàbí tí a bá ń gbé irin, iṣan ara a máa ya díẹ̀díẹ̀. Ìgbà tí a bá sinmi, tí a jẹun, tí a sì sùn, ni ara ń tún un ṣe, tí ó sì ń le sí i. Ẹni tí kò sinmi ń wó ilé tí kò tíì kọ́ tán.

Àwọn àmì rẹ̀ ni àárẹ̀ tí kò lọ, àìróorunsùn, ìrora oríkèé àti àìsàn kéékèèké lemọ́lemọ́. Nǹkan oṣù obìnrin pàápàá lè dáwọ́ dúró. Èyí tí ó burú jù ni kí iṣan bàjẹ́ débi pé ìdọ̀tí rẹ̀ yóò wọ inú ẹ̀jẹ̀, tí yóò sì ṣe kíndìnrín léṣe. Bí ìtọ̀ ẹnikẹ́ni bá dúdú bí omi tíì lẹ́yìn eré líle, kí ó lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Kí ó má ṣe dúró sílé máa mu àgbo tàbí oògùn ìrora.

Kí a má sì rò pé agbára tí ojú rí ni ìlera. Ní ọjọ́ 12, oṣù kẹjọ, ọdún 1989, Samuel Okwaraji, agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà, ṣubú lórí pápá ní Èkó nígbà tí a ń bá Angola gbá bọ́ọ̀lù, ó sì jáde láyé. Ẹni ọdún 25 ni. Àyẹ̀wò fi hàn pé ọkàn rẹ̀ ti tóbi ju bó ti yẹ lọ, ó sì ní ẹ̀jẹ̀ ríru. A kò sọ pé àṣejù ni ó pa á. Ohun tí a ń sọ ni pé àìsàn lè fara pamọ́ sínú ara tó le.

Àjọ Ìlera Àgbáyé gba àgbàlagbà nímọ̀ràn láti máa ṣe eré ìdárayá oníwọ̀n fún ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀. Ẹni tí ó bá ń yára rìn fún ìṣẹ́jú 30 lọ́jọ́ márùn-ún ti pé 150.

Nítorí náà, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan pe nọ́ọ̀sì láti wọn ẹ̀jẹ̀ ríru kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó jẹ́ ìdájí, pàápàá ní Sókótó àti Maiduguri, níbi tí ooru oṣù kẹrin ti máa ń ju ìwọ̀n 40 Celsius lọ. Ẹ pèsè omi, ẹ pín ènìyàn sí ọ̀wọ́ gẹ́gẹ́ bí agbára wọn.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ má ṣe fi ẹni tí ó bá dúró sinmi ṣe ẹlẹ́yà. Ẹni tí àyà ń dùn, tí ó sì ń bá eré lọ nítorí ìtìjú lójú ẹgbẹ́ rẹ̀, lè fi ẹ̀mí rẹ̀ dí i. Ọmọlúàbí a máa bi ẹnìkejì rẹ̀ pé, "Ṣé ara le?", a sì dúró gbọ́ èsì. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.